Wọ́n ní kì í ṣe pólíò, ṣùgbọ́n ọmọ kò lè rìn: ta ni yóò tọ́jú ẹsẹ̀ náà?

Bí ẹsẹ̀ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15 bá ṣàdédé rọ ní Nàìjíríà, ìbáà jẹ́ ní abúlé kan létí Adágún Chad tàbí ní ìgboro Port Harcourt, ètò kan wà nílẹ̀ tó yẹ kó gbọ́ nípa rẹ̀. Òṣìṣẹ́ tí ń tọpinpin àrùn ní ìjọba ìbílẹ̀ yóò wá ọmọ náà délé. Yóò gba ìgbẹ́ rẹ̀ nígbà méjì, tí wákàtí 24 ó kéré tán yóò wà láàrin èkíní àti èkejì, kí ọjọ́ 14 tó pé láti ìgbà tí ẹsẹ̀ ti rọ. Yóò kó o sínú kúlà oníyìnyín, yóò sì fi ránṣẹ́ sí Ìbàdàn tàbí Maiduguri, níbi tí yàrá àyẹ̀wò méjì tí Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, fọwọ́ sí fún iṣẹ́ yìí wà.

Kòkòrò àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí pólíò, ni wọ́n ń wá nínú ìgbẹ́ náà. Lọ́dọọdún, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ló ń gba inú àyẹ̀wò yìí kọjá, wọn kì í sì í rí kòkòrò náà lára èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Èsì á dé pé kì í ṣe pólíò, ọkàn àwọn aláṣẹ á balẹ̀, wọn á sì yọ orúkọ ọmọ náà kúrò lára àwọn tí wọ́n ń fura sí.

Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ọmọ náà ṣì wà bó ṣe wà. Ìyá rẹ̀ ṣì ń pọ̀n ọ́n lọ sọ́jà, bẹ́ẹ̀ ọmọ tí ń sáré kiri ní oṣù tó kọjá ni. Èsì tó mú inú àwọn aláṣẹ dùn kò sọ fún ìyá yìí bóyá ọmọ òun yóò tún rìn, kò sì sọ ẹni tó yẹ kó gbé e tọ̀ lọ.

Ohun tí àgbéyẹ̀wò yìí dá lé nìyẹn. Nàìjíríà mọ bí wọ́n ṣe ń wá ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ rí ju ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè lọ. Ohun tí kò tíì mọ̀ ọ́n ṣe ni kó dúró ti ọmọ náà lẹ́yìn tó bá ti rí i. Èyí tó wá dunni jù níbẹ̀ ni pé láàrin àwọn ọmọ tí wọ́n ń yọ orúkọ wọn kúrò yìí gan-an ni àwọn tí ẹsẹ̀ wọn ní ìrètí jù lọ láti padà bọ̀ sípò wà.

Bí wọ́n ṣe hun àwọ̀n náà

Wàhálà ló kọ́ Nàìjíríà ní iṣẹ́ yìí. Ní 2003, àwọn aláṣẹ ní Kano àti àwọn ìpínlẹ̀ kan ní àríwá dá fífún àwọn ọmọ ní àjẹsára pólíò dúró, nítorí àhesọ tó gbilẹ̀ pé wọ́n fi ohun tí kì í jẹ́ kí obìnrin bímọ sínú rẹ̀. Kí Kano tó gbà á padà láàrin ọdún 2004, kòkòrò náà ti gba ẹnubodè jáde. Ó tó nǹkan bí 20 orílẹ̀-èdè tó ti bọ́ lọ́wọ́ pólíò tẹ́lẹ̀ tí èyí tó ti àríwá Nàìjíríà jáde tún lọ bá lálejò.

Ní 2012, ọmọ 122 ni pólíò àdáyébá sọ di aláàbọ̀ ara ní Nàìjíríà. Kò sí orílẹ̀-èdè mìíràn tó ní iye tó tó bẹ́ẹ̀ lágbàáyé lọ́dún náà. Ní oṣù Kejì ọdún tó tẹ̀ lé e, àwọn agbébọn pa obìnrin mẹ́sàn-án, ó kéré tán, nínú àwọn tí ń kán àjẹsára sí ọmọ lẹ́nu ní Kano.

Nínú àwọn tó yí ọkàn ọ̀pọ̀ òbí padà, àwọn tí àrùn náà ti bá jà ni kò ṣeé gbàgbé. Misbahu Lawan Didi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ àwọn tó la pólíò já gun kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń fi ọwọ́ wà, wọ́n ń ti ilé dé ilé. Ìyá tó bá ti lẹ̀kùn mọ́ dókítà yóò ṣí i fún ọkùnrin tó ń fi ọwọ́ wọ́ ara rẹ̀ wọ àgbàlá. Wọn kò nílò ọ̀rọ̀ púpọ̀, ẹsẹ̀ wọn ti sọ ọ́.

Ní 2016 ni wọ́n rí pólíò àdáyébá kẹ́yìn ní Nàìjíríà, ní ìpínlẹ̀ Borno, níbi tí ogun Boko Haram kò ti jẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ lè dé ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ ọmọ. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹjọ ọdún 2020, ìgbìmọ̀ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Rose Leke láti Cameroon darí kéde pé pólíò àdáyébá ti kúrò ní ẹkùn Áfíríkà ti WHO.

Síbẹ̀ iṣẹ́ kò parí. Oríṣi kòkòrò kejì wà, èyí tó ń ti ara àjẹsára àkánsẹ́nu wá. Kòkòrò tí wọ́n ti sọ di aláìlágbára nínú àjẹsára náà a máa bá ìgbẹ́ jáde, bó bá sì pẹ́ tó ń rìn kiri láàrin àwọn ọmọ tí kò gba àjẹsára, ó lè gba agbára padà. Ní 2021 nìkan, ó ju ọmọ 400 lọ tí irú èyí mú ní Nàìjíríà. Lọ́dún yẹn kan náà ni orílẹ̀-èdè yìí bẹ̀rẹ̀ sí í lo àjẹsára tuntun tí kò rọrùn fún un láti yí padà bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tó lè sọ pé kí wọ́n ká àwọ̀n náà kúrò nílẹ̀ báyìí.

Àwọ̀n yìí sì ti wúlò fún nǹkan mìíràn rí. Nígbà tí arìnrìn-àjò kan gbé Ebola wọ Èkó láti Liberia ní oṣù Keje ọdún 2014, àwọn tó ti ń bá pólíò jà ni ìjọba àpapọ̀ ké sí. Dókítà Faisal Shuaib, tó wà nínú iṣẹ́ pólíò l'Abuja, ló wá darí ibùdó tí wọ́n ti gbógun ti àrùn náà. Bí wọ́n ṣe mọ ọ̀nà láti wá ọmọ aláìsàn délé ni wọ́n fi tọpinpin àwọn tó fara kan aláìsàn Ebola. Ènìyàn 20 ló kó o, mẹ́jọ ló kú. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá, WHO ní Ebola ti kúrò ní Nàìjíríà.

Nítorí náà, ẹni tó bá ní ètò yìí kò lè ṣe ju wíwá kòkòrò pólíò lọ kò sọ òótọ́.

Iṣan wo ló bàjẹ́?

Èdè wa máa ń ṣòro díẹ̀ níbi tí ọ̀rọ̀ dé yìí. Yorùbá a máa pe èyí tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà ní iṣan, a máa pe ẹran ara tó ń nà tó sì ń sún kì ní iṣan, a sì tún máa pe fọ́nrán tó ń gbé àṣẹ ọpọlọ lọ sí ẹsẹ̀ ní iṣan. Ẹni tó bá sọ pé iṣan ọmọ òun ti kú lè ní èyíkéyìí lọ́kàn. Iṣan ìmọ̀lára ni mo ń sọ nínú àpilẹ̀kọ yìí, ìyẹn fọ́nrán tó ń gbé àṣẹ lọ tó sì ń gbé ìmọ̀lára bọ̀.

Orísun àṣẹ náà gan-an ni pólíò ń pa. Nínú ọ̀pá ẹ̀yìn ni àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń rán àṣẹ sí ẹsẹ̀ wà, ibẹ̀ sì ni kòkòrò náà ń wọ̀ lọ. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó kó o ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún. WHO ní nínú 200 ènìyàn tó kó o, ẹnì kan ni ẹsẹ̀ tàbí apá rẹ̀ máa ń rọ tí kì í sì í bọ̀ sípò mọ́. Ibà a kọ́kọ́ dé, ẹsẹ̀ kan a rọ ju èkejì lọ láàrin ọjọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n bí o bá fọwọ́ kan ẹsẹ̀ náà, ọmọ yóò mọ̀ ọ́n lára, nítorí ọ̀nà ìmọ̀lára kò bàjẹ́.

Àìsàn kejì ni èyí tí wọ́n ń pè ní Guillain-Barré. Ó sábà máa ń tẹ̀ lé ìgbẹ́ gbuuru tàbí òtútù àyà. Àwọn ọmọ ogun inú ara tó yẹ kó máa bá àrùn jà ló yíjú sí iṣan ìmọ̀lára onílé. Ẹsẹ̀ méjèèjì ló ń bá rìn pọ̀, ó a sì máa gun òkè bọ̀. Bó bá dé àyà, èémí lè dá.

Ẹ̀kẹta ni èyí tí a fi ọwọ́ ara wa fà. Iṣan ìmọ̀lára tó tóbi jù lọ nínú ara ènìyàn, tí àwọn dókítà ń pè ní sciatic, ti ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn wá, ó gba inú ìdí kọjá, ó sì sọ̀ kalẹ̀ dé ẹsẹ̀. Ìdí ọmọ kékeré kò lẹ́ran púpọ̀. Bí abẹ́rẹ́ bá ṣìnà díẹ̀, tàbí tí oògùn tó gbóná bá tú sẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣan náà, ó lè jó o. Ọmọ á figbe ta lójú ẹsẹ̀, ìrora á ta dé àtẹ́lẹsẹ̀, kó sì tó di ọjọ́ kejì, yóò ti máa tiro. Ẹ̀ka tó ń gbé iwájú ẹsẹ̀ sókè ló máa ń fara gbá jù, ìdí nìyí tí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ fi máa ń wọ́ ìka nílẹ̀. Ìmọ̀lára rẹ̀ pàápàá a máa kú.

Ọmọkùnrin kan wà ní àdúgbò tí mo gbé dàgbà tí gbogbo wa mọ̀ pé pólíò ló mú un. Ẹ̀gbẹ́ bàtà rẹ̀ ọ̀tún a máa jẹ kí tòsì tó gbó. Àwọn kan tilẹ̀ ní ayé ló ṣe é. Mo ti ń ṣiṣẹ́ ìròyìn kí n tó bi ìyá rẹ̀ léèrè bó ṣe bẹ̀rẹ̀ gan-an. Ó ní ibà ló mú un ní ọmọ ọdún mẹ́rin, wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó máa ń gún gbogbo àdúgbò lábẹ́rẹ́, láti ọjọ́ náà ni kò sì ti rìn dáadáa mọ́. Ìyá náà gba àjẹsára fún un pé, ó ṣì tọ́jú káàdì rẹ̀. Fún ogún ọdún ni àdúgbò fi ń dá a lẹ́bi pé kò gba àjẹsára fún ọmọ.

Mìlímítà kan lóòjọ́

Nínú Ogun Àgbáyé Kejì ni ìmọ̀ nípa bí iṣan ìmọ̀lára ṣe ń san gbòòrò sí i, nítorí ọta ìbọn àti àfọ́kù bọ́ǹbù ba ti ọ̀pọ̀ ọmọ ogun jẹ́. Ní 1943, oníṣẹ́ abẹ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Herbert Seddon, pín ìbàjẹ́ iṣan sí oríṣi mẹ́ta, àwọn dókítà ṣì ń lo ìpín náà títí dòní.

Ẹ fojú inú wo wáyà iná. Nínú oríṣi kìn-ín-ní, wáyà kò já, rọ́bà tó bò ó ló fara pa díẹ̀, iná a sì padà dé láàrin ọ̀sẹ̀ mélòó kan sí oṣù díẹ̀. Nínú oríṣi kejì, okùn bàbà inú rẹ̀ ti já ṣùgbọ́n rọ́bà kò ya, nítorí náà okùn tuntun lè gba inú rọ́bà náà hù dé ibi tó ń lọ. Nínú oríṣi kẹta, gbogbo rẹ̀ ti já tàbí ó ti di àpá. Èyí kì í san fúnra rẹ̀, àfi kí oníṣẹ́ abẹ rán an tàbí kó fi iṣan mìíràn dí àlàfo rẹ̀.

Ohun tó ń pinnu bóyá ẹni tó wà ní ìpò kejì yóò tún rìn ni ìṣirò kan tó rọrùn. Iṣan ìmọ̀lára a máa hù ní nǹkan bíi mìlímítà kan lóòjọ́. Bó bá jẹ́ ìdí àgbàlagbà ni ó ti já, tí ó sì ní láti rin nǹkan bí 80 sẹ̀ǹtímítà kó tó dé ẹsẹ̀, ó ju ọdún méjì lọ. Ẹran ẹsẹ̀ kì í dúró dè é pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ẹran tí kò gba àṣẹ fún nǹkan bí ọdún kan sí ọdún kan àbọ̀ a máa gbẹ, ọ̀rá àti àpá a sì gba ipò rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́ta kì í ṣe àgbàlagbà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú. Láti ìdí rẹ̀ dé ẹran ojúgun tó ń gbé ọrùn ẹsẹ̀ sókè lè máà ju 25 sẹ̀ǹtímítà lọ, ìyẹn nǹkan bí oṣù mẹ́jọ. Iṣan rẹ̀ lè dé bá ẹran ẹsẹ̀ rẹ̀ láàyè. Ìdí nìyí tí mo fi sọ lẹ́ẹ̀kan pé àwọn ọmọ tí ètò pólíò ń yọ orúkọ wọn ní ìrètí.

Ìrètí náà ní ọ̀tá kan tí kò hàn. Láàrin oṣù mẹ́jọ tí iṣan ń bọ̀ lọ́nà, ìka ẹsẹ̀ ń kọjú sílẹ̀, iṣan gìgísẹ̀ ń sún kì, ọrùn ẹsẹ̀ sì ń gan. Àṣẹ lè padà dé kó bá ẹsẹ̀ tó ti yí, tí kò lè tẹ ilẹ̀ mọ́. Ohun tí kì í jẹ́ kí èyí ṣẹlẹ̀ kò díjú: kí wọ́n máa na ọrùn ẹsẹ̀ náà lójoojúmọ́, kí wọ́n sì de ike tó ń gbé ẹsẹ̀ ró mọ́ ọn, pàápàá lálẹ́. Oníṣẹ́ fisiotẹ́rápì lè kọ́ ìyá ní nínà náà láàrin ìdajì wákàtí. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ mọ̀ ọ́n àti ọmọ tí ìyá rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n lè ní ìpalára kan náà lọ́jọ́ kìn-ín-ní, kí ọ̀kan sì máa gba bọ́ọ̀lù lẹ́yìn ọdún méjì, kí èkejì máa fi ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ rìn.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà tí kò yẹ kí n fò. Ọ̀pọ̀ ilé ló máa ń fi omi gbígbóná jó ẹsẹ̀ tó bá rọ, tàbí kí wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná. Ẹsẹ̀ tí ìmọ̀lára rẹ̀ ti kú kò ní mọ̀ pé òun ń jóná. Ọgbẹ́ tó ń ti ibẹ̀ jáde a máa burú ju àìlèrìn fúnra rẹ̀ lọ. Ẹni tó bá sì ṣèlérí pé òun yóò mú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ rìn láàrin ọjọ́ méje, oògùn ìbílẹ̀ ló lò ni, oògùn òyìnbó ni, àdúrà ni, ẹ bi í léèrè ibi tó ti rí iṣan tí ń hù ju mìlímítà kan lọ lóòjọ́.

Ti Guillain-Barré yàtọ̀. Nínú ènìyàn mẹ́wàá tó bá mú, nǹkan bí mẹ́jọ ló ń padà rìn láìfara ti nǹkan kan láàrin oṣù mẹ́fà, bí wọ́n bá rí ìtọ́jú, tí èémí wọn kò sì dá lójú ọ̀nà. Oògùn tó ń dín àkókò náà kù, tí wọ́n ń ṣe láti inú ẹ̀jẹ̀ àwọn ẹlòmíràn, wọ́n ju ohun tí ọ̀pọ̀ ìdílé lè rà lọ. Ní ti pólíò, sẹ́ẹ̀lì ọ̀pá ẹ̀yìn tó ti kú kì í jí. Àwọn tó kù láàyè lè ya ẹ̀ka láti ran ẹran ẹsẹ̀ lọ́wọ́, agbára tó bá sì padà láàrin nǹkan bí ọdún méjì ni ènìyàn yóò máa lò lọ. Bàtà onírin, iṣẹ́ abẹ tàbí kẹ̀kẹ́ ni yóò gbé e dé ibi tó kù.

Abẹ́rẹ́ tí kò yẹ kó wáyé

WHO ní nǹkan bíi bílíọ̀nù 16 abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń gún lágbàáyé lọ́dún. Ti àjẹsára nínú rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Èyí tó pọ̀ jù jẹ́ ti ìtọ́jú, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ni oògùn tí wọ́n ń gbé mì ìbá sì ti rọ́pò.

Ibà ni àpẹẹrẹ tó sún mọ́ wa jù. Láti 2005 ni Nàìjíríà ti yí ìlànà rẹ̀ padà pé oògùn àpapọ̀ tó ní èròjà artemisinin, tí wọ́n ń gbé mì, ni kí wọ́n fi tọ́jú ibà tí kò tíì le. Fún ibà tó ti le, abẹ́rẹ́ artesunate ni WHO fọwọ́ sí, inú iṣan ẹ̀jẹ̀ tàbí itan ni wọ́n sì ń gún un sí. Síbẹ̀, láti Sókótó dé Calabar, ẹni tó bá wọ ilé ìtajà oògùn pẹ̀lú ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná lè bá abẹ́rẹ́ ìdí pàdé. Ẹ̀bi náà kì í ṣe ti olùtajà nìkan. Ìyá tí wọ́n bá fún ní oògùn mímu lásán a máa rò pé wọn kò tọ́jú ọmọ òun. Abẹ́rẹ́ ni ọ̀pọ̀ wa kà sí oògùn gidi.

Ní ti ọmọ ọwọ́, ibi tí WHO ní kí wọ́n máa gún ni ẹ̀gbẹ́ iwájú itan, nítorí kò sí iṣan ìmọ̀lára ńlá tó gba ibẹ̀ kọjá. Wọ́n ti ń kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Ewu kan tún wà tí àwọn olùwádìí mọ̀: bí kòkòrò pólíò bá ti wà lára ọmọ láìhàn, tí wọ́n wá gún un lábẹ́rẹ́ sínú ẹran ara, abẹ́rẹ́ náà lè mú kí ẹsẹ̀ tí wọ́n gún ọ̀hún rọ.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí lè ṣi ẹlòmíràn lọ́nà, nítorí náà mo fẹ́ kó yé wa. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọdé kọ́ ni mo ń bá wí. Itan ni wọ́n ń gún èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sí, àjẹsára ni kò sì jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà máa rákò lónìí. Ẹni tó bá sá fún un nítorí abẹ́rẹ́ ìdí fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá.

Lẹ́yìn ọjọ́ 60

Ìlànà ètò pólíò fàyè sílẹ̀ fún ìbẹ̀wò kan ní ọjọ́ 60 lẹ́yìn tí ẹsẹ̀ ti rọ. Ó pọn dandan jù fún ọmọ tí ìgbẹ́ rẹ̀ kò dé yàrá àyẹ̀wò bó ṣe yẹ, kí àwọn onímọ̀ lè fi bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe wà pinnu bóyá pólíò ni. Ọmọ tí ìgbẹ́ rẹ̀ pé, tí wọn kò sì rí kòkòrò nínú rẹ̀, ti parí tirẹ̀. Ní ojú ẹni tó ń lé kòkòrò, èyí bọ́gbọ́n mu. Ní ojú ẹni tó ń wo ẹsẹ̀, ọjọ́ 60 ni àkókò tí ọrùn ẹsẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ sí í gan.

Níbo wá ni ìyá yóò gbé e lọ? Ìjọba àpapọ̀ ní ilé ìwòsàn eegun ní Dala ní Kano, ní Enugu àti ní Ìgbóbì l'Ékòó. Ti Ìgbóbì yìí pàápàá, àwọn ọmọ ogun tó fara pa nínú Ogun Àgbáyé Kejì ni wọ́n torí rẹ̀ dá a sílẹ̀, ní àkókò kan náà tí Seddon ń to ìpín rẹ̀. Àwọn ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì náà ní ẹ̀ka fisiotẹ́rápì. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń bọ̀ láti abúlé ní Zamfara yóò san owó ọkọ̀, yóò sanwó káàdì, yóò sì máa padà wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, lójú ọ̀nà tí àwọn ajínigbé wà. Ìbẹ̀wò kejì ni ọ̀pọ̀ ìdílé máa ń dúró sí. Òfin ìbánigbófò ìlera tuntun tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2022 sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà, síbẹ̀ àpò ara ẹni ni owó ìtọ́jú tó pọ̀ jù ṣì ń ti jáde.

Àwọn òṣìṣẹ́ náà kò pọ̀. WHO ní ní àwọn orílẹ̀-èdè kan tí owó tó ń wọlé fún wọn kò pọ̀, àwọn tó kọ́ṣẹ́ ìmúbọ̀sípò kò tó mẹ́wàá fún mílíọ̀nù kan ènìyàn. Nàìjíríà ń kọ́ wọn ní yunifásítì, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Kánádà àti ilẹ̀ Lárúbáwá sì ń gbà wọ́n. Ó ti pẹ́ tí a ti ń sọ̀rọ̀ jápa àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì, àwọn onífisiotẹ́rápì ń lọ láìpariwo.

Ohun èlò náà kò yàtọ̀. Nínú ìròyìn tí WHO àti UNICEF gbé jáde ní 2022, ó ju bílíọ̀nù méjì àbọ̀ ènìyàn lọ tó nílò ohun èlò ìrànwọ́ bíi kẹ̀kẹ́, ìgò ojú tàbí ẹ̀rọ ìgbọ́ràn, ṣùgbọ́n ní àwọn orílẹ̀-èdè aláìní kan, ìdá 3 péré nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó nílò wọn ló ń rí wọn. Ní Jos, Ayuba Burki Gufwan, tí pólíò mú ní kékeré, kò dúró de ẹnikẹ́ni. Ó dá iléeṣẹ́ Beautiful Gate sílẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń jó irin pọ̀ ṣe kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n sì ti fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún rẹ̀ ta àwọn ènìyàn lọ́rẹ. Ní 2024, Ààrẹ Bola Tinubu yàn án láti darí àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn akànda ẹ̀dá.

Òfin tí àjọ náà ń mójú tó kò kéré. Láti oṣù Kìíní ọdún 2019 ni wọ́n ti fọwọ́ sí i, ó sì fún àwọn ilé ìjọba ní ọdún márùn-ún láti ṣe ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ lè gbà wọlé. Ọdún márùn-ún náà pé ní 2024. Ghana ti ṣe irú rẹ̀ ṣáájú ní 2006, wọ́n tilẹ̀ fún àwọn tiwọn ní ọdún mẹ́wàá. Ẹni tó bá rìn kiri àwọn iléeṣẹ́ ìjọba l'Abuja tàbí l'Accra yóò rí i pé àtẹ̀gùn ṣì pọ̀ níbẹ̀.

Owó ń dínkù

Owó àwọn orílẹ̀-èdè àti àjọ òkèèrè wà lára ohun tó gbé àwọ̀n pólíò ró fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kìíní ọdún 2025, Ààrẹ Donald Trump buwọ́ lu ìwé pé kí Amẹ́ríkà kúrò nínú WHO, ìrànwọ́ ìlera tó ń ti ibẹ̀ wá sì dínkù gan-an lọ́dún náà. Àwọn tó ń darí ètò pólíò lágbàáyé pàápàá ní àwọn yóò gé ìnáwó àwọn kù.

Ohun tó ṣeé ṣe kí ìjọba ṣe ni kó na ìwọ̀nba owó tó bá rí lórí wíwá kòkòrò, kó sì pa ẹsẹ̀ tì bíi ti tẹ́lẹ̀. Mo rò pé àṣìṣe ni yóò jẹ́, nítorí apá tó wọ́n jù nínú iṣẹ́ náà ni wọ́n ti san owó rẹ̀ tán: òṣìṣẹ́ ti dé ilé, ó ti rí ọmọ, ó ti mọ orúkọ bàbá rẹ̀ àti ọ̀nà abúlé rẹ̀. Ìwé kan tó máa fi ìyá ránṣẹ́ sí onífisiotẹ́rápì tó sún mọ́ ọn, àti òṣìṣẹ́ ìlera abúlé tí wọ́n ti kọ́ ní bí a ṣe ń na ọrùn ẹsẹ̀ ọmọ, kò lè jọ owó kúlà àti ọkọ̀ tó ń gbé ìgbẹ́ lọ sí Maiduguri. Àǹfààní mìíràn tún wà níbẹ̀ fún àwọn tó ń lé pólíò: ìyá tó mọ̀ pé ìtọ́jú wà fún ẹsẹ̀ ọmọ òun kò ní fi ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ pamọ́ sínú yàrá.

Ní báyìí, ìdáhùn mẹ́rin ni fọ́ọ̀mù ìbẹ̀wò ọjọ́ 60 máa ń wá: ẹsẹ̀ ṣì rọ, ẹsẹ̀ ti bọ̀ sípò, wọn kò rí ọmọ náà mọ́, tàbí ọmọ náà ti kú. Òṣìṣẹ́ tó bá fi àmì sí ti àkọ́kọ́ ti parí iṣẹ́ tí wọ́n rán an. Yóò tún gun ọ̀kadà padà sí ọ́fíìsì rẹ̀, ìyá á sì gbé ọmọ pọ̀n.